Bí Ẹ̀gẹ́ Kuta Ṣe Bọ́ Lọ́wọ́ Tinúọlá

Ẹ fi ohun tí ẹ ń ṣe sílẹ̀ díẹ̀, ẹ gbọ́dọ̀ gbọ́ ti obìnrin yìí. Bí ẹnikẹ́ni bá ti sọ fún yín rí pé òwò kò ju kí ẹnìkan tà kí ẹnìkan rà lọ, ẹ sọ fún un pé kò tíì dé ọ̀dọ̀ Tinúọlá onígàrí ní Ìwó. Gbólóhùn kan péré ló jábọ́ lẹ́nu obìnrin yìí láàárọ̀ ọjọ́ kan, gbólóhùn tí èèyàn lè sọ kó sì gbàgbé pé òun sọ ọ́. Ohun tó fi gbogbo ìgbà èwe rẹ̀ kó jọ sì bá a lọ.

Ilé onígbàgbọ́ ni wọ́n bí Tinúọlá sí, lágbègbè ṣọ́ọ̀ṣì Onítẹ̀bọmi, nínú àwọn tí bàbá wọn ṣe tíṣà tí ìyá wọn náà ṣe tíṣà, tí kò sí ẹni tó ní oko tó tó gbin ewúro nínú wọn. Ẹ wá rò ó wò: ẹni tí kò ní oko, tí kò ní ìbátan àgbẹ̀ kankan, òun ló dá ilé gàrí sílẹ̀ lójú ọ̀nà Olúpọ̀nnà. Gàrí kì í sì í ṣe ohun tí èèyàn ń fi ìwé yan. Ẹ̀gẹ́ ni ìyá gàrí. Ẹ̀gẹ́ tí wọ́n bá hú lónìí, tí kò bá tètè dé ẹnu ẹ̀rọ, kò ní pẹ́ tí inú rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í dúdú, gàrí rẹ̀ kò sì ní ṣeé tà fún ẹni tó lójú. Onígàrí tí kò bá ní àgbẹ̀ tó ṣeé fọkàn tẹ̀, tó mọ̀ pé bó bá ní òun ń bọ̀ lọ́jọ́ Ajé, ọjọ́ Ajé náà ni yóò dé, onítọ̀hún kàn ń dáná lásán ni.

Àwọn àgbẹ̀ Kuta, ìlú kan tí kò jìnnà sí Ìwó, ló wá di ẹni tirẹ̀. Bó sì ṣe ṣẹlẹ̀ kò kan òwò rárá. Nígbà tí ilé gàrí náà ṣì jẹ́ agbada kan ṣoṣo lábẹ́ páànù jíjò, Tinúọlá gbé gàrí lọ fún nọ́ọ̀sì kan ní ilé ìwòsàn, ló bá rí aboyún kan tó dá dùbúlẹ̀ tó ń sunkún. Fàsílátù ni orúkọ rẹ̀, Kuta ni wọ́n ti gbé e wá. Ọkọ rẹ̀ ti sáré jáde lọ wá ẹni tí yóò fún un lẹ́jẹ̀. Tinúọlá kò mọ̀ ọ́n rí. Ó kàn jókòó tì í ni. Ó di ọwọ́ rẹ̀ mú, ó ń sọ ìsọkúsọ fún un kó lè rẹ́rìn-ín, títí ọkọ fi dé, títí ọmọ fi dé, títí àwọn ẹbí fi rí ọkọ̀ wọ̀ wá láti Kuta. Kareemah ni wọ́n sọ ọmọ náà. Lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ, wọ́n bá Tinúọlá lẹ́yìnkùlé tó ń fọ abọ́ bí ẹni tí wọ́n bí sínú agbo ilé náà.

Kò pẹ́ sígbà yẹn tí ọkọ Fàsílátù wá wo ilé gàrí. Badrudeen ni wọ́n ń pè é, ọkùnrin gíga kan tí kì í yára sọ̀rọ̀. Ó wo agbada kan ṣoṣo yẹn, ó wo ẹ̀gẹ́ tó ti rọ tí Tinúọlá ń rà kiri ọjà, ó mi orí. Badrudeen kì í ṣe àgbẹ̀ lásán o, òun ni olórí àáró wọn. Ẹ̀yin tí ẹ dàgbà sí ìgboro lè má mọ àáró. Àwọn àgbẹ̀ yóò kó ara wọn jọ, wọn yóò ṣe oko ẹnìkan lónìí, wọn yóò ṣe ti ẹlòmíràn lọ́la, títí yóò fi kárí. Ní ti àáró Kuta yìí, bí wọ́n ṣe jọ ń hú ẹ̀gẹ́ ni wọ́n jọ ń tà á. Ẹni tí àáró bá gbà, gbogbo wọn ló gbà á. Ẹni tí àáró bá kọ̀, kò sí ẹni tí yóò yọ́ tà fún un lẹ́yìn.

Badrudeen ní, "Ìyàwó wa ni ọ́. Ìyàwó wa kì í ra ẹ̀gẹ́ kiri títì."

Orúkọ yẹn lẹ̀ mọ́ ọn. Ní Kuta, àtọmọdé àtàgbà, ìyàwó wa ni wọ́n ń pè é. Òun náà ń pe Fàsílátù ní ìyáálé òun. Àwọn obìnrin ilé a máa fi ṣe ẹ̀fẹ̀ pé irú ìyàwó wo ni èyí tí kì í sùn nílé ọkọ, Tinúọlá á sì dá wọn lóhùn pé ilé ọkọ tí kò ju ẹ̀gẹ́ lọ, kí ni òun fẹ́ wá sùn níbẹ̀ ṣe. Wọn a rẹ́rìn-ín títí wọn a fi di ìbàdí mú.

Báyìí ni agbada ṣe ń pọ̀ sí i. Ó ra ẹ̀rọ tó ń rin ẹ̀gẹ́, ó ra jáàkì tí wọ́n fi ń fún omi rẹ̀ dànù, àwọn obìnrin tó ń bẹ ẹ̀gẹ́ kún ẹ̀yìn ilé. Mujeebah, obìnrin ọmọ Ìwó kan láti agbo ilé àwọn alùfáà, ló jẹ́ ọ̀gá fún àwọn tó ń yan gàrí. Gàrí Tinúọlá funfun, ó ń ta jàn-án lẹ́nu, àwọn ilé-ìwé ń rà á, àwọn ará Ìbàdàn ń wá ká a mọ́lé.

Àwọn olówó náà rí ẹ̀gẹ́ Kuta o. Ilé-iṣẹ́ ńlá kan tó ń ṣe ìyẹ̀fun ẹ̀gẹ́ ń rán tírélà wá láti ọ̀nà jíjìn, iye tí wọ́n sì ń pè ju ti Tinúọlá lọ dáadáa. Badrudeen á gbọ́ wọn tán, á fún wọn lómi mu, á ní kí wọ́n máa lọ láyọ̀. Nígbà tí àwọn ọ̀dọ́ inú àáró ń ráhùn, ó bi wọ́n ní ìbéèrè kan. Ó ní, "Nígbà tí àyà ń dùn mí lọ́jọ́sí, tírélà wo ló wá kí mi?"

Òótọ́ ọ̀rọ̀ sì ni. Wọn kì í so yìgì ní Kuta kí Tinúọlá má sí níbẹ̀. Ẹni tó bá ti Mẹ́kà dé, á lọ kí i. Bí ọmọ bá ṣubú lórí igi, á gbọ́, á sì dé. Ní ṣọ́ọ̀ṣì, àwọn kan ń kùn pé ó mọ ọ̀nà mọ́sálásí Kuta ju bó ṣe mọ ibi tí àwọn obìnrin ti ń ṣe ìpàdé lọ. Ó dá wọn lóhùn pé Ọlọ́run tí àwọn jọ ń sìn ló fi ẹ̀gẹ́ sí ilẹ̀ Kuta, kí wọ́n lọ bá A wí. Ṣé ẹ rí ohun tó ń ṣe? Obìnrin yìí ò mọ̀ pé iṣẹ́ ni òun ń ṣe. Ó rò pé òun kàn ń lọ síbi tí wọ́n ti fẹ́ràn òun ni. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ló ń bá a ra ẹ̀gẹ́.

Ọjọ́ Ajé kan báyìí ló wá di ọjọ́ tí à ń wí. Abdulfatah, àbúrò Badrudeen, ló máa ń wa ọkọ̀ píkọ́ọ̀pù tó ń kó ẹ̀gẹ́ wá. Dípò ọkọ̀, ìpè rẹ̀ ló wọlé. Ó ní, "Ìyàwó wa, ọkọ yín, ẹ̀gbọ́n mi, ti lọ o. Orí ìrun àsùbáà ni wọ́n wà, wọn ò dìde mọ́."

Tinúọlá jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ láàárín èèpo ẹ̀gẹ́. Ó sunkún, ẹkún tó ti ìsàlẹ̀ ikùn wá. Ó béèrè Fàsílátù, ó béèrè Kareemah, ó ní òun ń bọ̀. Àwọn obìnrin tó ń yan gàrí ti fi ìgbákọ wọn sílẹ̀, wọ́n ti yí i ká. Abdulfatah ti ń kí i pé ó dìgbà kan ná. Bó ṣe kù díẹ̀ kó gé ìpè náà ni Tinúọlá nu ojú rẹ̀ tó sọ pé, "Abdulfatah, ọkọ̀ ẹ̀gẹ́ ńkọ́? Ṣé ó ṣì ń bọ̀ lónìí?"

Abdulfatah ní, "Kò ní wá mọ́, mà." Ó sì gé e.

Kí ló dé tó fi bèèrè? Lóòótọ́, ilé-ìwé kan ń dúró de gàrí. Lóòótọ́ náà sì ni pé, bí ọkọ̀ bá wá, inú rẹ̀ ni yóò wọ̀ padà sí Kuta. Bóyá èyí, bóyá tọ̀hún. Bóyá ẹnu lásán ni, ẹnu tó ti mọ́ lára láti máa béèrè ọkọ̀ ní gbogbo ọjọ́ Ajé. Òun náà kò mọ̀ pé òun sọ ohun kan.

Mujeebah, tó dúró tì í, ló kọ́kọ́ fura. Ó ní, "Ìyá Àdúrà, ẹ dìde, ẹ máa lọ. Òkú Mùsùlùmí kì í dúró de ẹnikẹ́ni." Àdúrà ni orúkọ àkọ́bí Tinúọlá.

Ó mọ̀ bẹ́ẹ̀, ta ni kò mọ̀ bẹ́ẹ̀ ní Ìwó? Ṣùgbọ́n ohun tí èèyàn mọ̀ yàtọ̀ sí èyí tí wọ́n fi tọ́ ọ dàgbà. Lọ́dọ̀ tiwọn, òkú a máa dúró, wọn a pe ẹbí jọ, wọn a mú ọjọ́, ẹni tó bá sì fẹ́ràn òkú kì í fọwọ́ lásán wọ ilé rẹ̀. Lójú Tinúọlá, àbùkù ni kí òun lọ sọ́dọ̀ Badrudeen lọ́wọ́ òfo. Ó ní kí wọ́n yan èyí tó wà lórí iná tán. Ó ní kí wọ́n di àpò kan tó dára jù lọ fún àwọn àlejò òkú. Ó wá aṣọ tó yẹ. Ó wá ọkọ̀ tí yóò gbé òun àti àpò. Mujeebah ń wò ó, ó ń fi ọwọ́ nu ọwọ́.

Ìgbà tó fi dé Kuta, wọ́n ti ń kí ìrun alásárì. Wọ́n ti sin Badrudeen. Àwọn ọkùnrin àáró jókòó sábẹ́ igi, amọ̀ ibojì ṣì wà lẹ́sẹ̀ wọn. Tinúọlá kúnlẹ̀ kí wọn pẹ̀lú omi lójú. Wọ́n dá a lóhùn dáadáa, kò sí ẹni tó lejú sí i. Mùrí, ẹni tó dàgbà tẹ̀lé Badrudeen nínú wọn, ló yí sí àwọn obìnrin, tó ní, "Ẹ gbé àga fún kọ́sítọ́mà."

Kọ́sítọ́mà. Nínú ilé tó ti fọ abọ́. Ẹnìkan gbé àga wá lóòótọ́, ó nu eruku orí rẹ̀ fún un, ó sì fi ọ̀wọ̀ bu omi tútù fún un. Tinúọlá jókòó sórí àga náà, òun nìkan, níbi tí gbogbo obìnrin yòókù ti jókòó sórí ẹní. Ó ṣì rò pé ọ̀fọ̀ ló dà wọ́n lọ́kàn rú.

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ẹ̀gẹ́ dé, ó kéré. Lẹ́yìn ìyẹn, ó dé ní ìrọ̀lẹ́ dípò òwúrọ̀. Wọ́n ní táyà fọ́. Wọ́n ní ilẹ̀ le, òjò kò rọ̀. Wọ́n ní àáró ń sinmi. Ohùn wọn lórí fóònù kò le, mà ló ń kẹ́yìn gbogbo gbólóhùn. Tinúọlá rò ó sọ́tùn-ún, ó rò ó sósì, ó wá ṣe ohun tí oníṣòwò yòówù yóò ṣe: ó fi kún owó. Ó ní kí Abdulfatah sọ fún wọn pé iye tí tírélà ń san, òun náà yóò san án.

Ẹ gbọ́ ìdáhùn tí wọ́n fún un. Abdulfatah kò bínú, ó kàn sọ ọ́ bí ẹni tó rẹ̀. Ó ní, "Ṣé owó la ti ń gbà lọ́wọ́ yín láti ọjọ́ yìí ni?"

Ọkọ̀ kò tún wá mọ́.

Nígbà náà ni Tinúọlá lọ bá Fàsílátù. Opó ṣì wà nínú tákàbà, kì í jáde, orí ẹní ló jókòó sí nínú yàrá tí tẹ̀sùbáà ọkọ rẹ̀ ṣì kọ́ sára ògiri. Tinúọlá kúnlẹ̀, kò sì dìde.

"Ìyáálé mi, kí ni mo ṣe fún wọn?"

Fàsílátù ní, "O ò mọ̀?"

"Kò sí ẹni tó sọ fún mi."

"Ta ni yóò sọ ọ́ fún ọ? Èmi ni mo ní kí Abdulfatah pè ọ́, kó tó pe ẹbí ìyá ọkọ mi pàápàá. Ó tẹ fóònù sí sípíkà torí gbogbo ilé fẹ́ gbọ́ ohùn ẹ. Wọ́n ń pọn omi tí wọ́n fẹ́ fi wẹ òkú ọkọ mi lọ́wọ́. A gbọ́ bí o ṣe ń sunkún. Mo sọ fún àwọn obìnrin pé ṣé ẹ gbọ́, ẹkún tòótọ́ nìyẹn." Ó fa ìbòrí rẹ̀ síwájú. "Lẹ́yìn náà lo bèèrè ọkọ̀."

Tinúọlá fi ọwọ́ bo ẹnu.

"Ẹ̀gẹ́ ẹ ti wà nínú ọkọ̀ ọ̀hún. Ọkọ mi fúnra wọn ló dúró ti àwọn àgbẹ̀ lọ́jọ́ tó ṣáájú títí wọ́n fi kó o tán. Wọ́n já a sílẹ̀ kí wọ́n lè fi ọkọ̀ gbé ọkọ mi lọ sí itẹ́. Orí òkìtì ẹ̀gẹ́ náà ni Mùrí jókòó sí tó fi gbọ́ ohùn ẹ."

"Mo fẹ́ wọ ọkọ̀ náà wá ni, ìyáálé mi."

"Ṣé òótọ́ ni?" Fàsílátù kò fi ìbínú bèèrè. Ó bèèrè bí ẹni tó fẹ́ kó rí bẹ́ẹ̀.

Tinúọlá ní, "N ò mọ̀ mọ́."

Omi bọ́ lójú opó náà. Ó na ọwọ́, ó fà á mọ́ra, àwọn méjèèjì jọ sunkún lórí ẹní náà. Fàsílátù ní òun ti fi jì í, pé ọjọ́ náà gan-an ni òun fi jì í, torí òun mọ ohun tí ẹnu ń ṣe fún èèyàn. Ó ní ṣùgbọ́n àáró kì í ṣe ti obìnrin. Òun ti bá Mùrí sọ ọ́.

"Mùrí ní àwọn ti fún tírélà lọ́rọ̀. Ó ní ẹni tó ni tírélà kò mọ̀ wá, àwa náà ò sì mọ̀ ọ́n. Bí ẹnìkan bá kú nínú wa tí onítírélà sì bèèrè ẹ̀gẹ́, kò lè dùn wá."

Ẹyin lohùn, àwọn àgbà ti wí, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Tinúọlá jáde lọ bá Mùrí lábẹ́ igi, ó tún kúnlẹ̀. Àgbà náà dìde, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé e ró. Ó ní, "Ẹ dìde, mà. A ò bínú." Bó bá bú u ni, ìbá sàn. Ẹni tó bínú síni ṣì ka èèyàn kún.

Ó gbìyànjú o. Ó ra ẹ̀gẹ́ lọ́nà jíjìn lọ́wọ́ àwọn tí kò mọ orúkọ wọn, wọ́n ń da èyí tó ti rọ mọ́ èyí tó tutù fún un, torí kí ni yóò dí wọn lọ́wọ́? Wọn kò mọ ojú rẹ̀ tí ojú yóò fi tì wọ́n. Gàrí dúdú. Ilé-ìwé kọ́kọ́ fi ẹ̀bẹ̀ kìlọ̀, lẹ́yìn náà wọ́n wá ẹlòmíràn. Àwọn obìnrin tó ń bẹ ẹ̀gẹ́ tú ká lọ́kọ̀ọ̀kan, oníkálukú wá ibi tí yóò ti jẹun. Mujeebah ló lọ kẹ́yìn. Lọ́jọ́ tó ń lọ, ó gbá ìdí àwọn agbada náà mọ́ tónítóní, bí ẹni pé wọ́n tún fẹ́ dáná sí i lọ́la, ó sì fi aṣọ rẹ̀ nu ojú kó tó wọ kẹ̀kẹ́.

Tinúọlá kò dẹ́kun láti lọ sí Kuta. Bí ẹnìkan bá kú níbẹ̀ báyìí, kì í dúró wá aṣọ, kì í di àpò kankan. Ọ̀kadà tó bá kọ́kọ́ rí ló ń gùn. Ó ń bá wọn pọn omi, ó ń bá wọn gbálẹ̀, wọ́n ń dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ gan-an. Kò sí ẹni tó dárúkọ ẹ̀gẹ́, òun náà kò sì dárúkọ rẹ̀.

Bí ẹ bá rò pé àsọdùn ni mo ń sọ, ẹ lọ sí Ìwó fúnra yín. Ẹ gun kẹ̀kẹ́ gba ọ̀nà Olúpọ̀nnà lọ́jọ́ Ajé, ẹ sọ fún oníkẹ̀kẹ́ pé kó já yín sí ilé gàrí tí kò léèéfín. Ẹ ó rí obìnrin kan lórí àpótí lẹ́nu ọ̀nà. Ẹ kí i, yóò dá yín lóhùn pẹ̀lú ọ̀yàyà. Ẹ má tíì lọ. Ẹ dúró títí tírélà tó kó ẹ̀gẹ́ Kuta yóò fi gba iwájú ilé náà kọjá, kí ẹ má ṣe wo tírélà o. Ojú obìnrin náà ni kí ẹ wò.